Ọwọ́ Fánísì Keje

Ẹ bá mi pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná, ẹ̀yin ọmọ, kí etí mi lè gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ. Ẹ ṣeun. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, látorí ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi títí dórí àwọn tó háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì: irú ẹja igi wo ló so rọ̀ lójú fèrèsé mi yìí, tí ara rẹ̀ hunjọ bí awọ ẹni tí omi gbígbóná dà lé, kí ló sì dé tí mo máa ń nawọ́ yí i ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé orí Bàbá ti ń yí. Mi ò bínú. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹja yìí ni àkísà tèmi, màá sì tú u fún yín wò lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun ayọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ fánísì ni mo ṣe jẹun láyé mi. Ní àdúgbò Muṣin yìí, káfíńtà á kan àga, èmi á fi sánpépà ha á, màá wá kùn ún ní fánísì títí ẹni tó bá tẹ̀ ba á á fi rí ojú ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń fojú kéré iṣẹ́ wa. Wọ́n gbà pé ẹni tó kan àga ló ṣiṣẹ́, pé ńṣe lẹni tó dán an kàn fọwọ́ pa á lórí. Ó dáa, ẹ gbé àga tí kò rí fánísì sínú òjò Èkó fún ọdún kan, kí ẹ padà wá wo ohun tó kù nínú rẹ̀.

Rábì ìyàwó mi, ìyá Sìdí, tó jẹ́ ìyá-ìyá fún ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú yìí, ọmọ Ìwáyà ni. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, èéfín ẹja ló fi dàgbà. Èmi ní tèmi, ọmọ ará òkè ni mí. Ọ̀yọ́ ni bàbá mi ti wá, odò tí mo mọ̀ kò sì ju èyí tí ènìyàn ń ká ṣòkòtò kọjá lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí àwọn òbí rẹ̀, ó mú mi lọ sórí afárá pákó kan tó yọ sínú omi lẹ́yìn ilé wọn. Àwọn ọkùnrin kan dúró níbẹ̀, wọ́n ń ju okùn ìwọ̀ sínú ọ̀sà, wọ́n sì ń fà á padà wéréwéré. Mo bi Rábì pé ṣé ekòló ni wọ́n fi sẹ́nu ìwọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín mi. Ó ní igi ni, igi tí wọ́n gbẹ́ bí ẹja. Ó ní kúta, ẹja ọ̀jẹun tó máa ń ti òkun wọ ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá ti di oníyọ̀, kì í wo òkú nǹkan lójú. Ohun tó bá ń sá lọ, tí ikùn rẹ̀ ń kọ mànà bíi ti ẹja sawá, òun ni ó máa ń lé.

Ìṣòro wọn ni pé ẹja igi náà kì í tọ́jọ́. Bó bá wọ omi lọ́jọ́ mẹ́ta, á mu omi yó, á wú, pẹ́ńtì á bó kúrò lára rẹ̀, kúta ò sì ní wò ó mọ́. Ẹ̀bìtì tí ò bá peku, kó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan, mo yí i wò, mo sì sọ fún Rábì pé èmi mọ bí wọ́n ṣe ń dí igi lẹ́nu kó má lè mumi. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ yẹn ló sọ mí di ọkọ. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi ń fi ọ̀rọ̀ dídùn wá ọmọge, èmi fánísì ni mo fi wá tèmi.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Igi ahùn ni a ń lò, nítorí ó fúyẹ́, ọ̀bẹ sì máa ń wọ ọ́ ní ìrọ̀rùn. A máa ń lọ ṣa àwọn èékù rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Èmi ni mò ń gbẹ́ ẹ, èmi ni mò ń fi sánpépà ha á. Rábì á fi pẹ́ńtì aláwọ̀ fàdákà kun ikùn rẹ̀, á fi dúdú aláwọ̀ ewé kun ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni á mú àgékù nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, á fà á le mọ́ ara ẹja, á wá máa fi fóòmù kékeré kan rọra tẹ pẹ́ńtì lé e. Bó bá ká nẹ́ẹ̀tì kúrò, ìpẹ́ á ti tò sára igi náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìwọ alára á fẹ́ fi ọ̀bẹ pa ìpẹ́ náà. Mo ti rí ẹni tó mú un sí imú láti gbọ́ bóyá ó ń rùn.

Ṣùgbọ́n pẹ́ńtì kọ́ ni iṣẹ́. Fánísì ni iṣẹ́. Ọwọ́ méje ni a máa ń kùn ún, ọwọ́ kan lójúmọ́, bí ojú ọjọ́ bá gbà. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ méje, kò sí awo kankan níbẹ̀. A ti gbìyànjú mẹ́rin, omi wọlé. A ti gbìyànjú mẹ́wàá, ẹja wúwo, ó ń rì bí òkúta. Méje ni ọ̀sà Ìwáyà fọwọ́ sí. Kí a tó kun ọwọ́ kejì lé ti àkọ́kọ́, ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ dénú, kì í ṣe kó gbẹ lójú lásán. Bí o bá fi ìka kàn án, ó lè tàn ọ́ jẹ. Imú Rábì ni a gbẹ́kẹ̀ lé. Á gbé ẹja sí imú, á dijú. Bó bá ṣì gbóòórùn fánísì, á ní ó di ọ̀la. Bí kò bá gbóòórùn nǹkan kan, á ní ó yá. Nígbà míì, mo lè ti ṣèlérí fún ẹni tó ni iṣẹ́, kí n máa ra ọwọ́ pọ̀ pé ó ti gbẹ, pé èmi ni ọ̀gá fánísì nílé yìí. Á kàn gbé ẹja náà kọ́ padà, á lọ máa se ọbẹ̀ rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n, òun náà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tà lọ́jà kò wúlò fún iṣẹ́ náà. Ó le, ó máa ń fa ìlà sójú fánísì. Irun ọrùn àgbò ni a fi ń ṣe tiwa. Torí náà, bí Iléyá bá dé, tí wọ́n bá ń dúńbú àgbò kiri àdúgbò yìí, itan ni àwọn ẹlòmíì ń wò, àwọn kan ń wo àyà, èmi ọrùn ni mò ń wò. Bí àgbò bá ní irun tó gùn tó sì rọ̀ lọ́rùn, màá ti lọ kí olówó rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, màá bá a gbé omi fún ẹran, màá bá a yin ẹran. Àwọn ará ilé mọ̀ mí. Wọ́n á ní, "Ẹ gé irun Bàbá Sìdí fún un kí ẹ tó da omi gbígbóná síbẹ̀." Irun àgbò tí a bá kó jọ lọ́dún kan ni á gbé wa dé Iléyá tó ń bọ̀. Lónìí, ẹ̀yin ló ń fi iná gáàsì jó irun ẹran. Mo dúró wò yín lọ́dún tó kọjá, òórùn irun náà gbòde kan, mo sì wọlé lọ jókòó, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí.

Ẹ wo ìṣó ńlá tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, èyí tí ẹ ń gbé báàgì kọ́. Orí rẹ̀ ni wíìlì kẹ̀kẹ́ wa máa ń wà. Fánísì tútù kì í gbélé, ńṣe ló máa ń sàn. Bí o bá so ẹja rọ̀ tí o fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sàn lọ sí ikùn tàbí ìdí rẹ̀, á dì síbẹ̀ bí omijé, ẹja á sì fẹ̀gbẹ́ kan rìn nínú omi. Nítorí náà ni a ṣe ń so wọ́n yí wíìlì kẹ̀kẹ́ kan po, tí a ó máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ lè bọ́ sókè. A ò ní aago lọ́wọ́ nígbà yẹn. Tẹ̀sùbáà Rábì ni aago wa. Bó bá ti kírun Alàásárì tán, á fi àga kékeré rẹ̀ ti wíìlì náà, á máa ka tẹ̀sùbáà. Bó bá kà á yípo tán, á nawọ́ yí wíìlì náà díẹ̀, wíìlì á dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí yóò ṣe máa ṣe é títí wọn yóò fi pe ìrun Màǹgàríbì nìyẹn. Ìró yẹn ni ilé yìí ń ní ní ìrọ̀lẹ́, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, dákẹ́, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, dákẹ́. Ìró kejì ni ti ètè rẹ̀ tó ń mì. Bí ẹ bá rí ẹja tó jáde níbẹ̀, kò sí ibì kankan lára rẹ̀ tí fánísì pọ̀ ju ibòmíì lọ.

A ní ìjàǹbá tiwa náà, ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ dán bẹ́ẹ̀. Ológìnní onílé wa nígbà náà rí àwọn ẹja wọ̀nyí tí wọ́n ń kọ mànà lórí wíìlì, ó fò mọ́ ọ̀kan, ó gbé e sá. Fánísì náà ṣì tutù. Inú gọ́tà ni a ti rí i, ẹja ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́, gbogbo irunmú rẹ̀ ti dì pọ̀ gán-ín. Èmi ni mo dì í mú, Rábì ló ń fi epo pupa yọ ẹja náà kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó họ èmi, kò họ òun. Láti ọjọ́ náà, bí ológìnní yẹn bá rí ẹja gidi pàápàá, ó máa ń kọ́kọ́ yí i po ná.

Àsìkò tí òjò bá dákẹ́ díẹ̀ nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni a máa ń kùn wọ́n jù. Bó bá ti di ọyẹ́, eruku Muṣin á wọ inú fánísì, kò sì ní í dán. Bó bá jẹ́ àárín òjò, ọ̀rinrin á sọ ọ́ di funfun bí ojú afọ́jú. A gbọ́dọ̀ ṣe é tán kí omi ọ̀sà tó di oníyọ̀, kí kúta tó wọlé. Àwọn tó ń pẹja fún ìgbádùn á ti máa bẹ̀ wá wò. Dókítà kan wà tó ń ti Ìdí-Àràbà wá, bí ẹni wá wo aláìsàn ló ṣe máa ń gbé ẹja wa yẹ̀ wò, á fi èékánná kàn án, á gbọn orí. Kí ẹja tó kúrò nílé yìí, a ó ti rì í sínú korobá omi ọ̀sà fún ọjọ́ méje. Èyí tó bá bu pèéré lára rẹ̀, Rábì ò ní jẹ́ kó jáde, á jù ú sí ààrò. Àwọn Ẹ̀gùn tó ń fi àwọ̀n pẹja ní Ìwáyà kọ́kọ́ fi wá ṣẹ̀sín pé ará òkè fẹ́ fi pákó tan ẹja jẹ. Nígbà tó yá, àwọn náà ń dúró wò bí kúta ṣe ń ta lórí okùn.

Ẹ̀yin ọmọ, ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Mi ò lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹja oníke kọ́kọ́ dé láti òkèèrè, ó dán, kò ní fánísì, kò ní àárẹ̀. Àwọn oníbàárà wa sọ̀rọ̀ wa dáadáa, wọn ò sì padà wá. Iyanrìn ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú ọ̀sà, apá kan lónìí, apá kan lọ́la. Omi tó kù, náílọ̀n píọ̀ wọ́tà kún inú rẹ̀. O ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, náílọ̀n ni o fà jáde lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kúta tó ń ti òkun bọ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, ó yí padà.

Ọdún tí kò sẹ́ni tó béèrè ẹja mọ́ rárá ni Rábì sọ fún mi pé nínú gbogbo ẹja tí a ṣe láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa, a ò ní ẹyọ kan. Òótọ́ ni. Gbogbo rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíì gbé lọ. Ó ní kí a ṣe ọ̀kan fún ara wa, kí àwa méjèèjì gbé e lọ sórí afárá Ìwáyà, kí a jù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kúta mú un o, kúta ò mú un o. Mo gbẹ́ ẹ. Mi ò gbẹ́ ẹja dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kun fánísì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Nígbà tó ń kun ọwọ́ kẹrin, fọ́nrán irun àgbò kan já lára búrọ́ọ̀ṣì, ó dùbúlẹ̀ sí ìhà ọ̀tún ẹja náà, lẹ́bàá ìrù. Mo ní kó jẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, pé àbùkù ni. Ó kọ̀.

"Bàbá Sìdí, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀ ti di tẹja."

Inú bí mi. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi kùn, èmi ẹni tí kì í jẹ́ kí irun kan ṣoṣo wọ ara àga. Ó kun ọwọ́ karùn-ún lé e lórí, ó kun ìkẹfà. Ọjọ́ tó yẹ kó kun ìkeje, ó gbé ẹja náà sí imú bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ní òun ò mọ̀ bóyá ó ń rùn tàbí kò rùn, orí ń fọ́ òun. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la gbé Rábì lọ sí ọsibítù Ìdí-Àràbà.

Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí agbára wọn ṣe mọ. Ní ọjọ́ kan tí ojú rẹ̀ là díẹ̀, ó bi mí pé ṣé mo ti kun ọwọ́ keje. Mo ní rárá, ó ṣì wà lórí wíìlì. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ má kánjú kùn ún o. Ẹ dúró dè mí." Mo ní màá dúró. Kò padà wá sílé mọ́.

Mo fi aṣọ funfun wé ẹja náà, mo gbé e sínú àpótí. Lọ́dọọdún tí òjò bá dákẹ́ nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, màá gbé e jáde, màá wò ó, màá tún wé e padà. Ọwọ́ mẹ́fà wà lórí rẹ̀, ọwọ́ kan kù. Bó ṣe wà fún ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Irun àgbò yẹn wà níbẹ̀, ó hàn kedere lábẹ́ fánísì. Bí mo bá ti fojú kàn án, àyà mi á là, nítorí òun nìkan ni ohun tí a jà lé lórí tí mo ṣì lè fojú rí.

Ní ọdún yìí, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n ní awọ ló bò ó. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹ̀yin náà ń rí i bí mo bá di ife mú. Ẹ̀rù wá bà mí pé bí mi ò bá kun ọwọ́ keje nísinsìnyí, ẹja Rábì ò ní parí láéláé, àti pé afárá tí mo bá a ṣèlérí rẹ̀ yóò kọjá mi. Mo rán ènìyàn kiri nítorí irú fánísì tí a ń lò, wọn ò rí i. Mo gbé èyí tí wọ́n rí sí imú, mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Mo gbé ata sí imú, bákan náà ni. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé imú mi náà ti lọ.

Ẹ mọ Mọ́ńsúrù, ọkọ Sìdí, bàbá ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi. Ọmọlúàbí ni, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí wò ó níwòkuwò. Ọkọ̀ ló ń kùn ní Ládìpọ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kùn tó o. Ó bá mi níbi tí mo ti ń wá fánísì, ó ká a lára. Ó ní, "Bàbá, wọn ò ṣe fánísì yẹn mọ́ jàre. Kílíà tí a ń fọ́n sára ọkọ̀ ló wà báyìí, kílíà àti hádínà tó ń mú un le. Ẹ jẹ́ n fọ́n ọn lé e fún yín, kó tó ìṣẹ́jú mélòó, á gbẹ, á le bíi gíláàsì. Omi ò ní lè ṣe é ní nǹkan kan láé." Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́n ní kílíà. Ojú mi tó ti ṣú yìí, ẹ̀yin ọmọ, mo rí òòrùn nínú bónẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo rí ara mi. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí ara mi gbẹ̀yìn.

Mo ní kó fọ́n ọn.

Ibi tí ó ti ń dùn mí nìyí, kò sì sí ẹlòmíì tí mo lè dì í rù. Mo mọ̀. Mọ́ńsúrù kò mọ̀, ọkọ̀ ni ó kọ́. Èmi mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ni ọ̀gá mi ti sọ fún mi pé tínà tí wọ́n fi ń po ohun tí wọ́n ń fọ́n sára mọ́tò kò gbọdọ̀ kan fánísì tiwa, pé ńṣe ni yóò jẹ ẹ́ láti òkè dé ìdí. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ náà, mo ti torí rẹ̀ lé ọ̀kan sílé rí. Ẹnu mi yìí ni mo fi ń sọ ọ́ fún àádọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n mo ti rí dídán. Èmi tí mo fi dídán mú kúta láìmọye ìgbà, wọ́n fi í mú èmi náà, n kò sì ta lórí okùn.

Ó kọ́ ẹja náà sórí wáyà, ó fọ́n ọn. Fún bí ẹni ka ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, kò sí ohun tó dán tó o láyé. Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù dúró wò ó. Mo rí gbogbo ìpẹ́ tí Rábì tẹ̀ sára rẹ̀, mo rí irun àgbò náà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni ìrù rẹ̀ kọ́kọ́ sún kì. Mo rò pé ojú mi ni. Ó sún kì títí dé ikùn, ó wú róńdóróńdó, ó hunjọ bí ojú ẹ̀kọ tó tutù tí wọ́n fi ṣíbí tì. Fánísì Rábì, ọwọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ká kúrò lára igi pa pọ̀ mọ́ pẹ́ńtì, ó ń rọ̀ dọ̀ọ̀lọ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo nawọ́ láti gbá a padà. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo wá irun náà, mi ò rí i mọ́, ó ti bá ìyókù lọ sínú ìyẹ̀pẹ̀ àti ọ́ìlì tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Mọ́ńsúrù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ́ìlì yẹn. Mo ní kó dìde, pé kò jẹ̀bi. Sìdí ń sunkún nílé, ó ń sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ̀yin ọmọ, agbè ló fọ́. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀wù ni mo jó, màá sọ pé ó kù díẹ̀ lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwòrán ni mo fàya, màá lẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mẹ́fà tí ó kùn yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ tó kù láyé, nítorí gbogbo èyí tí a ṣe fún àwọn ẹlòmíì, mi ò mọ ìsàlẹ̀ omi tó wà.

Mo ṣì ní ìrètí kékeré kan. Mo rò pé bí kò bá tilẹ̀ dán mọ́, kó fara kan omi lẹ́ẹ̀kan bí a ṣe sọ. Mo ní kí Sìdí mú mi lọ sí Ìwáyà. A rìn títí, mi ò rí ibi tí ilé àwọn òbí rẹ̀ wà, mi ò rí ibi tí afárá wà. Fẹ́ńsì gíga kan ni a bá níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ géètì bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo sọ fún un pé afárá ni, afárá pákó tó wọ inú ọ̀sà. Ó wò mí, ó wo ẹja igi ọwọ́ mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rọra ní, "Bàbá, kò sómi níbí mọ́ o." Iyanrìn ni mo dúró lé. Ibi tí mo dúró sí gan-an, mo gbà pé ibẹ̀ ni Rábì ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín mi. Èmi àti Sìdí wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Muṣin.

Ìgbà yẹn ni mo so ó mọ́ ojú fèrèsé. Ẹ ti wá mọ ohun tó jẹ́. Bí mo bá ti kírun Alàásárì tán, màá mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, màá kà á. Bí mo bá kà á yípo, màá nawọ́ yí ẹja náà díẹ̀, kí fánísì má baà sàn sí ikùn. Mo mọ̀ pé kò sí fánísì lára rẹ̀. Mo mọ̀ dáadáa, orí mi ò yí. Ó kàn jẹ́ pé ó ní kí n dúró de òun, mo sì ti dúró fún ọdún mẹ́sàn-án, kí n tó wá kánjú ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ń dúró nísinsìnyí. Ó ti pẹ́ jù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè ṣe fún un.

Ó tó. Ẹ lọ tan jẹnẹrétọ̀ yín.